Páànù, Páálí àti Fáíbà: Ìtàn Ara Rọ́kẹ́ẹ̀tì láti Ogun Àgìdìngbì dé Ilẹ̀ Ọ̀dàn Òkè-Ògùn

Rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ṣe nǹkan mìíràn ju ọ̀pá oníhò kan lọ, tí orí rẹ̀ dí, tí ìdí rẹ̀ ṣí, tí a ki ohun tó ń jó fòfò sínú rẹ̀, tí èéfín gbígbóná tó ń tú jáde ní ìdí sì ń tì í lọ síwájú. Bí ìlànà yìí ṣe rọrùn tó láti sọ, ohun tí oníṣẹ́ yóò fi ṣe ara ọ̀pá náà ti ń da ènìyàn láàmú láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ le tó láti gba agbára iná láìbẹ́, ó gbọ́dọ̀ fúyẹ́ tó láti gbéra nílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ tàbí gbọ̀n túká nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń dojú kọ ọ́. Ìtàn yìí kan ilẹ̀ Yorùbá ju bí àwọn tó ń sọ ọ́ ṣe máa ń rò lọ, nítorí pé rọ́kẹ́ẹ̀tì onírin ti bọ́ sórí òrùlé Èkó ní 1851. Ohun tí ìtàn náà sì fi hàn ni pé agbára nìkan kọ́ ló ń yan ohun èlò: ẹni tí oníṣẹ́ ń fẹ́ kí rọ́kẹ́ẹ̀tì òun pa, tàbí ẹni tí ó ń bẹ̀rù kó má baà pa, ló sábà máa ń pinnu bóyá irin ni yóò lò tàbí páálí.

Àwọn ará Ṣáínà ló kọ́kọ́ ṣe é, wọ́n sì ti lò ó lójú ogun ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Ìwé àti ọparun ni wọ́n fi ń ṣe ara rẹ̀, nítorí náà ẹ̀tù tí wọ́n ń kì sínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ lágbára jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ara náà yóò fà ya mọ́ ẹni tó dáná sí i lọ́wọ́. Ní ìjọba Mysore ní gúúsù Íńdíà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà ayé Hyder Ali àti ọmọ rẹ̀ Tipu Sultan, tí àwọn alágbẹ̀dẹ wọn fi irin rọ ọ̀pá kúkúrú tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ogún sẹ̀ńtímítà, tí wọ́n sì so ó mọ́ ọparun gígùn tàbí idà kó lè máa lọ tààrà. Nítorí pé irin kò tètè bẹ́, wọ́n lè ki ẹ̀tù mọ́ ọn gan-an, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà sì ń lọ jìnnà dáadáa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì rí i ní Pollilur ní 1780, wọ́n tún rí i ní Seringapatam ní 1799, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kó díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí Woolwich ní ìlú ọba, níbi tí William Congreve ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ láti nǹkan bí 1804. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú ti Congreve ní àpò irin tó gùn ju mítà kan lọ díẹ̀, tí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà mẹ́wàá, a sì so igi kan tó gùn tó mítà mẹ́rin àbọ̀ mọ́ ọn ní ìdí. Igi yìí ló ń ṣe iṣẹ́ tí ìyẹ́ ń ṣe lára ọfà, ṣùgbọ́n kò ṣe é dáadáa rárá, nítorí pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó bá fẹ́ wá láti ẹ̀gbẹ́ ti tó láti yí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà lójú padà.

Irú rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbé wá sí ọ̀sà Èkó nígbà tí wọ́n wá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́. Ìkọlù wọn àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 25 Oṣù Kọkànlá 1851 forí ṣánpọ́n, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26 àti 27 Oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n padà dé pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ bíi Bloodhound àti Teazer àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké tó gbé ìbọn ńlá àti rọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn ará Èkó gbára dì, wọ́n ní àgbá, wọ́n gbẹ́ yàrà sí etí omi, wọ́n sì jà débi pé ọjọ́ kìíní kò rọrùn fún àwọn àjèjì rárá. Lọ́jọ́ kejì ni rọ́kẹ́ẹ̀tì dá ọ̀ràn sílẹ̀: ọ̀kan bọ́ sí ilé Oṣòdì Tápà, olórí ìjòyè Kòsọ́kọ́, iná ran ẹ̀tù tó wà níbẹ̀, ó búgbàù, iná náà sì tàn kálẹ̀ láàárín ìlú. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọrí sí Ẹ̀pẹ́, Akítóyè, ọba tí Kòsọ́kọ́ ti gba ìtẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, sì padà sórí ìtẹ́. Ogun Àgìdìngbì ni àwọn ará Èkó sọ ogun náà, nítorí ìró àgbá tó ń dún, àwọn mìíràn sì ń pè é ní Ogun Ahóyaya. Ìbọn ńlá ló gba iyì nínú orúkọ méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pá páànù tó gbé iná sórí ilé kan ṣoṣo wà lára ohun tó yí ọjọ́ náà padà.

Ìdí tí ohun ìjà tí kì í lọ tààrà fi lè ṣe irú ọṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun tí ilé ìgbà náà fi ṣe òrùlé. Ní etí òkun, imọ̀ ọ̀pẹ àti ti ògùrọ̀ ló bo ilé. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn òkè, láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, koríko ni. Nínú àwọn koríko yìí, bẹẹrẹ ni ó níyì jù, òun sì ni àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́ máa ń gbé wá fún Aláàfin nígbà ọdún Bẹẹrẹ láti fi tún òrùlé ààfin ṣe. Ìlú tí òrùlé rẹ̀ gbẹ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀gbẹlẹ̀ kò nílò kí ọta ba ẹnikẹ́ni kó tó pa á run, nítorí pé ibi yòówù kí rọ́kẹ́ẹ̀tì bọ́ sí láàárín odi ìlú, yóò bá ohun tí yóò jó níbẹ̀. Ìṣìnà tí àwọn ọ̀gágun ní Yúróòpù ń kà sí àléébù Congreve kò já mọ́ nǹkan kan níwájú òrùlé koríko, ó sì ṣeé ṣe kí èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa lò ó ní Áfíríkà àti Éṣíà pẹ́ lẹ́yìn tí àgbá oníhò yíyí ti gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Yúróòpù.

Ní ọjọ́ 29 Oṣù Kẹta 1865, John Hawley Glover, alákòóso Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, tún kó ọmọ ogun, àgbá àti rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ bá àwọn Ẹ̀gbá tó dó ti Ìkòròdú, wọ́n sì tú wọn ká. Ṣáájú àkókò yìí, William Hale ti rí ọgbọ́n àtimú igi ìdí kúrò: ó darí díẹ̀ lára èéfín tó ń jáde gba ẹ̀gbẹ́, kí rọ́kẹ́ẹ̀tì lè máa pòyì bó ti ń lọ, ilé iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì sì gba tirẹ̀ wọlé ní 1867. Kò pẹ́ sí i tí ìbọn Maxim fi dé, nígbà tí ogun Ìmágbọ̀n láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Ìjẹ̀bú sì fi máa jà ní 1892, òun ni gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Báyìí ni rọ́kẹ́ẹ̀tì onírin ṣe jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, láìsí pé alágbẹ̀dẹ ìbílẹ̀ kan gbà á ṣe bí wọ́n ti gba ìbọn ṣakabùlà.

Ìgbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì padà sọ́wọ́ aráàlú, irin tó ti sọ ọ́ di alágbára ni ẹ̀rù ń ba àwọn tó gbé e dé. Ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1950 sí 1960, pàápàá lẹ́yìn tí sátẹ́láìtì Sputnik gòkè ní ọjọ́ 4 Oṣù Kẹwàá 1957, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríṣiríṣi kẹ́míkà sínú páìpù irin, èyí tó bá sì bẹ́ máa ń fọ́n èérún irin ká bí ọta. Orville Carlisle, oníṣòwò bàtà ní Norfolk ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ti wá ojútùú sí i ní 1954: ó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí ara rẹ̀ jẹ́ páálí, tí ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ igi fífúyẹ́, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ohun tí a ṣe tán ní ilé iṣẹ́, tí páráṣúùtì sì ń ṣí láti gbé e wálẹ̀ jẹ́jẹ́. G. Harry Stine, tó ń ṣiṣẹ́ ní pápá rọ́kẹ́ẹ̀tì White Sands, polówó rẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kan sílẹ̀ fún eré náà ní 1957. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Vernon Estes ṣe ẹ̀rọ tó ń ki ẹ́ńjìnnì láìdúró. Òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni pé ṣóńṣó orí, ara àti ìyẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ irin. Páálí kò le tó irin, àìle yẹn gan-an ni wọ́n sì ń wá, nítorí pé bí ẹ́ńjìnnì bá bẹ́, páálí á kàn ya ni, kò ní gún ẹnikẹ́ni lójú.

Páálí tó fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí àwọn àgbàlagbà kan fi fẹ́ kí tiwọn lọ sókè jù bẹ́ẹ̀. Agbára ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì ni a ń fi lẹ́tà A, B, C lọ sókè pín, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì lè ní ìlọ́po méjì agbára èyí tó ṣáájú rẹ̀. Láti H lọ sókè, ìyẹn èyí tó bá ju 160 Newton-ìṣẹ́jú àáyá lọ, ni a ń pè ní alágbára gíga. Ní 1982 ni wọ́n ṣe àpéjọ ńlá àkọ́kọ́ fún irú rẹ̀ ní Medina ní ìpínlẹ̀ Ohio, ẹgbẹ́ onírọ́kẹ́ẹ̀tì Tripoli sì di ti gbogbo orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní 1985. Ẹni tó bá fẹ́ yìn wọ́n ní láti gba ìwé ẹ̀rí ní ìpele mẹ́ta, H àti I ní ìpele kìíní, J dé L ní ìkejì, M lọ sókè ní ìkẹta. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti ń sún mọ́ eré ìró tàbí tó kọjá rẹ̀, afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ á máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ògiri ni, ìyẹ́ ìdí á máa gbọ̀n rìrì títí yóò fi já, páálí á sì ká wọ inú ara rẹ̀. Àwọn onírọ́kẹ́ẹ̀tì wá nílò ohun tó le bí irin, tí kò sì ní ṣe bí irin nígbà tó bá bẹ́.

Fáíbà ni wọ́n rí. Gíláàsì yíyọ́ tí a fà gba ihò tín-ín-tín jáde di òwú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ni; ní Ohio ní àwọn ọdún 1930 ni Games Slayter àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ di ọjà, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ Owens-Corning sílẹ̀ ní 1938. Òwú yìí nìkan kò wúlò fún ara rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó di ìgbà tí a bá fi résìn rẹ ẹ́, ìyẹn oje àtọwọ́dá tó ń le bí òkúta nígbà tí a bá po ohun tó ń mú un le pọ̀ mọ́ ọn. Òwú ló ń gba fífà, résìn ló ń di òwú mú kó má tẹ̀. Àwọn ológun àti onímọ̀ òfurufú ló kọ́kọ́ wé òwú gíláàsì mọ́ ara ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì: ẹ́ńjìnnì ìpele kẹta tó gbé sátẹ́láìtì Vanguard III lọ sí òfurufú ní Oṣù Kẹsàn-án 1959 jẹ́ fáíbà, ìpele kejì ohun ìjà Polaris A-2 náà sì rí bẹ́ẹ̀ ní 1960. Ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ọwọ́ àwọn tó ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣeré ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà. Òfin àwọn alágbára gíga ń fẹ́ ìwé, igi, rọ́bà, ike àti fáíbà, ó sì gba irin rírọ̀ láàyè kìkì níbi tí kò bá ti sí ọ̀nà mìíràn.

Yíyàn láàárín àwọn ohun èlò wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èyí tó le jù nìkan. Páálí tí a fi résìn phenolic rẹ máa ń gba títẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá ṣubú lé òkúta, fífọ́ ni yóò fọ́ bí ìkòkò, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wé aṣọ fáíbà mọ́ ọn lára. Fáíbà kábọ́ọ̀nù fúyẹ́ ju ti gíláàsì lọ, ó sì gan jù ú lọ, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ìgbì rédíò kọjá, nítorí náà ẹ̀rọ atọ́nà tí a bá fi sínú rẹ̀ yóò yadi, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà á sì sọnù sínú igbó. Ti gíláàsì kì í dí rédíò lọ́wọ́. Ó wúwo ju páálí lọ, ṣùgbọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ rí rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbé padà sílé, òun ló mọ́gbọ́n wá jù.

Aṣọ gíláàsì jẹ́ ohun híhun, ìmọ̀ tí ẹni tó ń lò ó sì nílò kò ṣàjèjì ní Òkè-Ògùn, níbi tí Ìṣẹ́yìn ti jẹ́ olú ìlú aṣọ òfì. Ahunṣọ mọ̀ pé òwú ita tí a ta gbọọrọ àti òwú tí ọ̀kọ̀ ń gbé kọjá láàárín rẹ̀ ló ń gba agbára, pé bí ènìyàn bá fa aṣọ náà ní igun sí igun, yóò nà, yóò sì wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni aṣọ gíláàsì ṣe rí. Òwú tó bá lọ láti orí dé ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń gba títẹ̀ afẹ́fẹ́, èyí tó yí i po ló ń dí i lọ́wọ́ bíbẹ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń gba lílọ́ nínú méjèèjì. Nítorí náà ni wọ́n fi máa ń gé ìpele kan ní igun sí igun, kí òwú rẹ̀ lè dábùú ara ní igun 45, pàápàá lórí ìyẹ́, tó jẹ́ pé lílọ́ ló ń pa á.

Résìn méjì ló wọ́pọ̀. Polyester ni àwọn oníṣẹ́ fáíbà ní Nàìjíríà mọ̀ jù, òun ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ojú omi oníyára, tí wọ́n sì fi ń tún bọ́ńpà mọ́tò ṣe. Ó rọrùn láti rà, òórùn rẹ̀ sì máa ń gba gbogbo àdúgbò. Nǹkan méjì ni wọ́n ń po mọ́ ọn, èyí tó ń mú un le àti kóbáàtì tó ń mú un yára, oníṣẹ́ tó bá sì mọṣẹ́ kò jẹ́ da méjèèjì pọ̀ sínú ife kan náà láé, nítorí pé wọ́n lè gbiná lójijì; ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti pò mọ́ résìn tán kí a tó da èkejì sí i. Epoxy ni èkejì. Ó wọ́n jù, ó sì ń pẹ́ kó tó le, ṣùgbọ́n ó ń di páálí àti igi mú dáadáa ju polyester lọ, kì í sì í sún kì púpọ̀ bí ó ti ń gbẹ. Epoxy ni àwọn onírọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń yàn.

Wíwé fúnra rẹ̀ gba sùúrù. Páálí tó ń dán gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ ìwé ojú rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé résìn kì í di ohun dídán mú. A ó fi sáńpépà ha á, a ó sì nu erukuru rẹ̀ kúrò. A ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun epoxy fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i lára, a ó wé aṣọ náà mọ́ ọn kó fà dáadáa, a ó sì máa fi ọwọ́ oníbọ̀wọ́ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí kí afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè jáde. Aṣọ gíláàsì funfun ni nígbà tó bá gbẹ; bí résìn bá ti mu ún tán, yóò mọ́ gaara débi pé àwọ̀ páálí ìsàlẹ̀ yóò hàn, ibi tó bá sì ṣì funfun, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò ti kọ́kọ́ ya. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi aṣọ náílọ́ọ̀nù kan tí kì í lẹ̀ mọ́ résìn wé e lórí, tí yóò fa àpọ̀jù résìn mu, tí a ó sì ṣí kúrò nígbà tó bá le. Àwọn tó bá lówó ju bẹ́ẹ̀ lọ máa ń kì í sínú àpò, wọn a sì fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, kí afẹ́fẹ́ òde lè tẹ aṣọ náà mọ́ ara. Èyí máa ń dín résìn kù sí nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo ìwúwo rẹ̀. Àpọ̀jù résìn kì í fi okun kún un, ìwúwo lásán ló ń fi kún un. Nígbà tí a bá sì ń ha á lẹ́yìn tó ti le, omi ni a fi ń ha á, a ó sì bo imú, nítorí pé erukuru gíláàsì kì í ṣe ohun tí ẹ̀dọ̀fóró ń gbà.

Ìyẹ́ ni wọ́n fi ń parí iṣẹ́ náà: aṣọ kan a gba orí ìyẹ́ kan kọjá lára rọ́kẹ́ẹ̀tì dé orí ìyẹ́ kejì, kó lè di gbogbo wọn pọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí pé ìdí ni ìwúwo náà ń lọ. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ibi tí ìwúwo rẹ̀ pé sí kò bá ṣáájú ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń tì í pẹ̀lú ó kéré tán ìbú ara rẹ̀ kan, lè yí po ní òfurufú dípò kó lọ sókè. Ẹni tó bá wá fi fáíbà kún ìdí gbọ́dọ̀ fi òjé kún orí, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà á sì tún wúwo sí i.

Ní Nàìjíríà lónìí, Ẹ̀pẹ́, ìlú tí Kòsọ́kọ́ sá lọ nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì jó Èkó, ni àjọ NASRDA, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1999 fún ọ̀rọ̀ òfurufú, gbé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì, tó sì ń dán an wò, kalẹ̀ sí. Etí ọ̀sà ni, ibi tí ọ̀rinrin ti máa ń mú kí epoxy tí kò tíì le yọ ohun kan bí ọ̀rá sí ojú, tí ìpele mìíràn kò sì ní lẹ̀ mọ́ ọn bí a kò bá fi omi fọ̀ ọ́ kúrò. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ní Ìràwọ̀-Ilé, Tede tàbí Àgọ́-Àrẹ, ìṣòro mìíràn ni yóò kojú oníṣẹ́. Ilẹ̀ náà tẹ́jú, ó sì gbòòrò ju ti etí òkun lọ fún rọ́kẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ yóò gbé lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi ẹ̀mí àti igi igbá lè gba páráṣúùtì mú. Koríko gbígbẹ kò gbọdọ̀ sí nítòsí ibi tí a ti ń yìn ín. Ọyẹ́ máa ń kó eruku lé résìn tútù. Ooru Oṣù Kẹta sì lè mú kí epoxy le nínú ife kí a tó kùn ún tán, kódà kó máa rú èéfín. Àti pé epoxy tó le nínú ooru ilé lásán máa ń rọ̀ padà bí ìgbóná rẹ̀ bá kọjá nǹkan bí 60 digírì, ìgbóná tí ara rọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú tí a gbé sínú oòrùn ọ̀sán lè sún mọ́ dáadáa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ooru díẹ̀díẹ̀ yan fáíbà lẹ́yìn tó bá ti le, fún wákàtí díẹ̀, kó lè gba ìgbóná tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì ń kùn ún ní ọ̀dà funfun kí wọ́n tó gbé e jáde sí pápá.